Alájọ àti Télọ̀ Ọlọ́jọ́-Ajé

(Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ kan nínú ọjà. Alájọ gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri. Bí Télọ̀ ṣe rí i, ó fi aṣọ bojú, ó ń hanrun.)

ALÁJỌ: Télọ̀, ẹni tó sùn kì í fẹsẹ̀ wa máṣíìnì.

TÉLỌ̀: (Ó ṣí aṣọ lójú.) Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Alájọ. Ó rẹ̀ mí ni. Ẹ ṣì máa lọ ná, tó bá di ọjọ́ Ajé, màá san gbogbo ẹ̀ pọ̀.

ALÁJỌ: Ọjọ́ Ajé wo? Wo káàdì oṣù tó kọjá: àyè 31 ló wà níbẹ̀, mẹ́ta péré ni mo fàlà sí. Ẹgbẹ̀rún méjì-méjì lẹ́ẹ̀mẹta, o bá dáwọ́ dúró.

TÉLỌ̀: Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dá a sílẹ̀! Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ni mo dá, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lẹ kó fún mi. Báńkì ń fi èlé kún un, ẹ̀yin ń yọ nínú ẹ̀!

ALÁJỌ: Owó ọjọ́ kan ni ti alájọ, ò báà dá ọjọ́ mẹ́ta, ò báà dá 31. Ṣé torí ìtọ́jú owó lo ṣe ń sanwó fún mi? Kóló ń ṣèyẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹsẹ̀ mi lo ń sanwó fún! Òjò rọ̀, mo dé. O bínú, mo dé. O sá gba ẹ̀yìnkùlé, mo jókòó dè ọ́.

TÉLỌ̀: Ẹsẹ̀ àbí kẹ̀kẹ́? Ẹgbẹ́ yín ti ra mọ́tò.

ALÁJỌ: Ṣebí alájọ Ṣómólú ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́, orí ẹ̀ sì ni wọ́n fi ń júwe orí pípé títí dòní. Kẹ̀kẹ́ ń wọ kọ̀rọ̀ tí mọ́tò ò lè wọ̀.

TÉLỌ̀: Ó dáa, kí n máa dá ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, kí n lè lé èyí tó kọjá bá?

ALÁJỌ: Àṣejù yìí náà ló bà á jẹ́ níjọ́sí! Igba náírà ni kó o dá. Bí oníbàárà àkọ́kọ́ bá ti sanwó, kó o tó dúpẹ́, sọ igba sínú agolo yẹn. Tó bá pé ọjọ́ 31, á di ₦6,200. Mo mú igba, o gba ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

TÉLỌ̀: Ìgbà wo ló máa wá mọ́ mi lára?

ALÁJỌ: Wọ́n ṣèwádìí ẹ̀ ní University College London. Wọ́n ní àṣà tuntun lè mọ́ ẹlòmíì lára lọ́jọ́ 18, ó sì lè gba ẹlòmíì tó ọjọ́ 254.

TÉLỌ̀: Ẹni 254 yẹn, èmi ni.

ALÁJỌ: Wọ́n tún ní téèyàn bá fo ọjọ́ kan, kò bà á jẹ́.

TÉLỌ̀: Ẹ ò rí nǹkan! Ẹ jẹ́ kí n fo tòní.

ALÁJỌ: Ọjọ́ kan ni wọ́n wí, ìwọ fo 28! Agbádá mi tó wà lọ́wọ́ ẹ láti Iléyá ńkọ́? Láti òní lọ, tí mo bá ti dé, wàá sanwó, wàá sì rán díẹ̀ níbẹ̀ lójú mi.

TÉLỌ̀: (Ó ju igba náírà sílẹ̀, ó fa agbádá yọ lábẹ́ tábìlì.) Mo gbà. Àmọ́ òfin yín lòfin mi: tí mo bá rán an fọ́jọ́ 31, iṣẹ́ ọjọ́ kan jẹ́ tèmi.

ALÁJỌ: Kí lo fẹ́ yọ lára agbádá?

TÉLỌ̀: Àpò.