Ta Ló Fi Orin Oníbàǹtẹ́ Ránṣẹ́ Síyàá Ìjọ?

Ẹ̀yin tèmi, ẹ jókòó dáadáa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn Ojúẹlẹ́gba lọ́hùn-ún kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dúró gbọ́. Àwọn ìyá ìjọ kan péjọ sílé alága wọn láti ṣètò ìdúpẹ́ ìkórè. Wọ́n ti jẹ, wọ́n ti mu, owó aṣọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń kà lọ́wọ́ nígbà tí fóònù Màmá alága dún. Ọmọ wọn ọkùnrin, èyí tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá, ló fi orin kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ gbọ́ eléyìí, ẹ máa gbádùn ẹ̀. Dùùrù wà níbẹ̀ dáadáa." Màmá rò pé orin ìyìn ni. Wọ́n ní kí gbogbo ilé dákẹ́, wọ́n bá tẹ̀ ẹ́.

"Heya!" ni, orin Brymo tó jáde ní 2018. Ẹ̀yin tí ẹ ti wo fídíò ẹ̀ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Odidi ọkùnrin nídìí dùùrù, bàǹtẹ́ nìkan ló sán mọ́dìí, gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀ wà níta gbangba. Háà! Ìyá kan fi gèlè bojú. Òmíràn ké "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Akápò ẹgbẹ́ dìde, ó ní òun ò lè ka owó Ọlọ́run nínú yàrá tí ìhòòhò wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó rò ó fún mi (ẹ má bi mí lórúkọ ẹ̀) ní kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n pa fóònù. Gèlè tí ìyá yẹn fi bojú gan-an, gèlè fẹ́lẹ́ ni. Ìyá tó dàgbà jù nínú wọn, tí wọ́n ti ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dáyé, ló wá lanu: "Ìwà ìbàjẹ́ ni o. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí lóhùn. Ẹ dá a padà díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ibi tó ti gbé e sókè yẹn."

Wọ́n dá a padà. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá pawọ́ pọ̀ kọ̀wé sọ́mọ pé inú àwọn bàjẹ́ gidigidi. Ti ohùn tó dùn yẹn ńkọ́? Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀!

Ọmọ náà dé nígbà tó yá, ó ń ṣàlàyé pé ìgbé ayé àwọn baba ńlá wa ni Brymo ń fi hàn, pé bàǹtẹ́ ni wọ́n ń sán kí òyìnbó tó dé. Màmá ní, "Baba ńlá tìẹ tó sán bàǹtẹ́, oko ló ń lọ. Kò sẹ́ni tó bá a nídìí dùùrù." Lórí ìyẹn, ẹ̀yìn Màmá ni mo wà.

Irú olórin bíi Brymo yìí làwọn ọmọ ń pè ní indie: ẹni tí kò sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá kankan, tó ń fi owó ara ẹ̀ gbé orin ara ẹ̀ jáde. Rédíò kì í sábà gbé wọn. Ẹnìkan ló ń júwe wọn fún ẹnìkejì ní kọ̀rọ̀, bí ẹni júwe ilé oníṣègùn. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ìwà tí mo fẹ́ sọ yìí ti ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀sùn Brymo ò tíì tán o. Ọmọ Òkòkomáìkò ni, ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà, kò sì fi pamọ́: *The Son of a Kapenta* lorúkọ àwo tó ṣe lábẹ́ ilé-iṣẹ́ orin Chocolate City ní 2012. Nígbà tó di 2013, ó bá tiẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ pè é lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ sì kọ́kọ́ pàṣẹ pé kó dáwọ́ orin dúró ná. Bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wa ṣì ń pè é ní aláìmoore títí dòní. Bàbá yìí kan náà, tí kì í fi orin Sunny Ade ṣeré! Mo ní, "Bàbá, ṣebí Sunny náà bá ilé-iṣẹ́ orin African Songs ti Olóyè Bọ́lárìnwá Abíórò dé kóòtù ní 1974, kó tó dá Sunny Alade Records sílẹ̀?" Bàbá ní ìyẹn yàtọ̀. Ó yàtọ̀ báwo? Wọ́n ní Sunny wọ ṣòkòtò. Mo fẹ́ rán wọn létí pé Hàrúnà Ìṣọ̀lá àti I.K. Dáíró ti dá STAR Records tiwọn sílẹ̀ láti 1969, ṣùgbọ́n Bàbá ti yí rédíò sókè.

Ti àwo tí Brymo gbé jáde ní 2016, orúkọ ẹ̀ ò ní ti ẹnu mi jáde níbi tí ọmọdé ti lè kà á. Ẹ lọ wá a fúnra yín, kí ẹ sì tilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ ká dé Ìbàdàn díẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan wà níbẹ̀ tó sọ Beautiful Nubia di ìwàásù. Ṣẹ́gun Akínlolú ni orúkọ olórin náà gan-an, dókítà ẹran tó kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn, tó ń gbé orin ẹ̀ jáde lábẹ́ EniObanke tiẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni yìí lè ròyìn *Jangbalajugbu* ti 2002 fún ẹ láti Dùgbẹ̀ dé Bódìjà. Ẹ wá bi í léèrè èyí tó rà níbẹ̀. Kò ra ìkankan! Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ ló ti da gbogbo ẹ̀ kọ. Aládùúgbò ẹ̀ kan gbọ́ orin náà, ó sọ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ó ń kun òun lóorun, ni Ọ̀gbẹ́ni bá pè é ní òpè. Ìwọ tí o ò san kọ́bọ̀ ló ń bínú jù.

Ti Tems ló tún dùn mí. Nígbà tó kọ "Try Me" ní 2019, àwọn ọmọ kan ń fi ránṣẹ́ káàkiri bí ẹni pé àwọn ló bí i. Ó bá Wizkid kọ "Essence" ní 2020, gbogbo ayé gbọ́, ó gba Grammy ní 2023, ó tún gba òmíràn ní 2025 fún "Love Me JeJe". Ojú kan náà ni wọ́n wá fi ń wí pé kò dùn mọ́. Kí ló yí padà nínú ohùn ọmọ ọlọ́mọ? Àwọn àǹtí wọn ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ n kúkú tú àṣírí kan: láti ara orin Ṣèyí Ṣódìmú ti 1997 ni wọ́n ti mú "Love Me JeJe" yẹn. Àwa àǹtí ti jó o kí ẹ tó mọ̀nà ilé ìwé.

Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ kí n ní kí ẹ jókòó gan-an ni ti ọmọbìnrin kan ní Ọ̀gbà. Ọkùnrin tó bá dẹnu kọ ọ́, orin ló fi ń dán an wò: *rare.* ti Odunsi, *Mandy & the Jungle* ti Santi, *Enjoy Your Life* ti Lady Donli, orin àwọn tí wọ́n ń pè ní alté. Ẹni àkọ́kọ́ ń ta páàtì mọ́tò ní Ládípọ̀, ilé ẹ̀ ti dé òrùlé. Ó fi gbogbo òru gbọ́ ọ, ó sì gba ohùn sílẹ̀ fún un: "Mo gbọ́ ọ o. Ó tutù, ó dùn létí. Ṣùgbọ́n mò ń retí kí gángan wọlé, kò wọlé títí tó fi tán. Ti Lady Donli yẹn ni mo fẹ́ràn jù, ó pa mí lẹ́rìn-ín." Kí lẹ tún fẹ́ kí èèyàn sọ? Ọmọbìnrin yìí dínà mọ́ ọn lórí fóònù, ó sì pín ohùn náà fáwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ kí wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ló gbà dé etí mi.

Ẹnìkejì ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì. Orin kan ṣoṣo ò tíì parí tó fi dáhùn pé òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí láyé òun, pé ẹ̀bùn Ọlọ́run ni. Wọ́n ti ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ọ́! Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé bó bá ti já ọmọbìnrin náà sílẹ̀ lálẹ́, kó tó dé orí títì, fújì Pasuma á ti máa dún gbùà nínú mọ́tò. Kò sóhun tó burú nínú Pasuma, èmi náà ń gbọ́ ọ. Irọ́ ni mò ń bá wí. Ẹni tó lè purọ́ nítorí orin, kí ni kò ní purọ́ lé lórí tó bá dọ̀rọ̀ owó oṣù?

Ọmọ dáadáa, bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ ẹ, bi àfẹ́sọ́nà ẹ léèrè orin tó gbẹ̀yìn nínú *Enjoy Your Life* kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Ará Ládípọ̀ yẹn kò tíì níyàwó.