Ìwádìí Kékeré lórí Ọ̀pá Ìwọ̀ Fífúyẹ́ àti Àwọn Àṣìṣe Ẹni tí Ó Ṣe É

Ọ̀pá ìwọ̀ eṣinṣin yàtọ̀ sí ọ̀pá ìwọ̀ tí ọ̀pọ̀ apẹja mọ̀. Nínú ìwọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, òjé tí a so mọ́ okùn ni ó ń gbé okùn lọ sínú omi, ṣùgbọ́n nínú èyí, ohun tí a so mọ́ ìwọ̀ kò ju ìyẹ́ àti òwú tí a fi ya àwòrán eṣinṣin lọ, kò sì wúwo tó ohun tí a lè jù. Okùn fúnra rẹ̀ ni ó wúwo, òun sì ni ọ̀pá ń jù. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣe ohun èlò ìpẹja ní Amẹ́ríkà fi fẹnu kò, ní nǹkan bí ọdún 1960, pé kí a máa fi nọ́ńbà pe okùn gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 30 àkọ́kọ́ rẹ̀. Okùn onínọ́ńbà 3 ń wọn 100 gíréènì, èyí tí í ṣe nǹkan bí gíráàmù 6.5, onínọ́ńbà 5 sì ń wọn 140. Ọ̀pá tí a ṣe fún onínọ́ńbà 3 tàbí èyí tí ó kéré sí i ni a ń pè ní fífúyẹ́, odò tóóró sì ni a ń lò ó sí.

Irú odò bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní orí òkè Shenandoah ní ìpínlẹ̀ Virginia, níbi tí ẹja brook trout, tí í ṣe ọmọ onílẹ̀ odò náà, ń gbé. Ẹja yìí kì í sábà ju íǹṣì 10 lọ níbẹ̀, síbẹ̀ ó níyì tó bẹ́ẹ̀ tí Ààrẹ Herbert Hoover fi kọ́ ibùdó ìsinmi sí orísun odò Rapidan ní ọdún 1929 kí ó lè máa rí i pa. Òǹkọ̀wé àpilẹ̀kọ yìí, tí ó ń gbé ní Maryland, pinnu láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọ̀pá tí yóò gbé lọ síbẹ̀. Kò la ọparun sí ọ̀nà mẹ́fà kí ó sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀ bí àwọn oníṣẹ́ àtijọ́ ti máa ń ṣe. Ọ̀pá káábọ́nù oníhò, alábala mẹ́rin, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 7, tí a ṣe fún okùn onínọ́ńbà 3, ni ó rà. Nítorí pé ọ̀pá náà ti wà nílẹ̀, ó gbà pé ohun tí ó kù kò ju ọ̀ṣọ́ lọ. Ìgbàgbọ́ yìí ni ó bí àwọn àṣìṣe tí a fẹ́ tò sílẹ̀.

Èkíní jẹ mọ́ eegun ẹ̀yìn ọ̀pá. Ọ̀pá káábọ́nù kì í tẹ̀ dọ́gba níhà gbogbo, nítorí pé bí aṣọ káábọ́nù tí a wé láti fi ṣe é bá ti gorí ara rẹ̀ níbì kan, ibẹ̀ yóò le ju ìyókù lọ. Ibẹ̀ ni eegun ẹ̀yìn, àwọn kan nínú oníṣẹ́ sì gbà pé òun ni ó yẹ kí a fi mọ ibi tí òrùka tí okùn ń gbà kọjá yóò wà. Òǹkọ̀wé wá eegun náà títí ó fi rí i, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, lẹ́yìn náà ni ó fi sípíríìtì nu ọ̀pá náà mọ́ tónítóní, àmì sì bá ìdọ̀tí lọ. Kò tíì gbàgbé èyí tí ó fi ṣe òmíràn: òrùka pẹlẹbẹ kan wà tí ó yẹ kí ó jókòó sí iwájú èèkù, tí kò sì lè gba orí òrùka okùn kọjá, ó sì rántí rẹ̀ nígbà tí ó ti fi òwú di òrùka okùn mọ́lẹ̀ tán.

Ti gọ́ọ̀mù ni ó burú jù. Gọ́ọ̀mù epoxy tí a ń kùn sórí òwú jẹ́ onígò méjì, kì í sì í le dáadáa àfi bí a bá pò wọ́n ní ìwọ̀n dọ́gba, tí a sì ń yí ọ̀pá díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gan. Òǹkọ̀wé fi ojú wọ̀n ọ́n, nítorí ó gbà pé ojú tí ó ti ń wọn epo sínú ọbẹ̀ láti ìgbà èwe kò lè ṣìnà. Ó yí ọ̀pá náà títí fóònù fi dún láti Ìbàdàn, àwọn ará ilé sì ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gọ́ọ̀mù ti ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, eruku sì ti fi ṣe ibùgbé. Ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a pò dáadáa ì bá tún un ṣe, ṣùgbọ́n ìpele ńlá lórí ìpele ńlá ni ó kùn ún títí dé ṣóńṣó. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìwọ̀n tí ó wà ní ṣóńṣó kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí ó wà nídìí, nítorí pé ṣóńṣó ni ó gbọ́dọ̀ yára lọ, kí ó sì yára dúró. Bí ó bá wúwo, yóò máa gbọ̀n lẹ́yìn tí ọwọ́ ti dúró.

Ìdánwò wáyé ní orí koríko ẹ̀yìn ilé. Òwú pupa rọ́pò ìwọ̀, okùn ẹsẹ̀ bàtà 30 jáde, ó nà tàn sẹ́yìn, ó nà tàn síwájú, àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́, òǹkọ̀wé sì ṣàlàyé ìmọ̀ náà fún aládùúgbò kan tí kò béèrè. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ní ọjọ́ yìí, ẹni tí ó ṣe ọ̀pá náà ni ó yan ibi tí a ó ti dán an wò, òun ni ó jù ú, òun náà ni ó sì dá a láre.

Odò ni ó gbọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì. Lábẹ́ igi tí ẹ̀ka rẹ̀ bo omi, okùn tí a lè nà kò ju ẹsẹ̀ bàtà 12 lọ, nítorí náà ìwọ̀n tí ó wà níta kò tó ìdá méjì nínú márùn-ún 100 gíréènì, pàápàá nítorí pé iwájú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ju àárín rẹ̀ lọ. Ọ̀pá tí a dán wò ní ẹsẹ̀ bàtà 30 kò rí ohun tí yóò tẹ̀ ẹ́. Òǹkọ̀wé fi agbára kún un, ìwọ̀ sì gbé ẹ̀ka igi. Ó tún fi kún un, ìwọ̀ gbé etí fìlà abetí-ajá rẹ̀. Nígbà náà ni ó rántí ìjùsí tí àwọn apẹja fi ọrun àti ọfà júwe, nínú èyí tí a ń di ìwọ̀ mú, tí a fi okùn fa ṣóńṣó ọ̀pá tẹ̀, tí a sì tú u sílẹ̀ lójijì. Ẹ̀yìn ìwọ̀, níbi tí ó ti tẹ̀ kọrọdọ, ni a ń dì mú. Ẹnu rẹ̀ ni òǹkọ̀wé dì mú. Ẹja tí ó wà nínú ibú náà kò dúró gbọ́ igbe rẹ̀.

Àtúnṣe tí ó tẹ̀lé e kò gba ọgbọ́n púpọ̀. Ó ha gọ́ọ̀mù ṣóńṣó kúrò, ó tún òwú ibẹ̀ wé, ó sì fi okùn onínọ́ńbà 4, tí ó wọn 120 gíréènì, rọ́pò ti àkọ́kọ́ kí ọ̀pá lè rí ìwọ̀n tí yóò tẹ̀ ẹ́ níbi kúkúrú. Lórí ìkúnlẹ̀, lábẹ́ igi, ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ni ó ti wá ń dán an wò báyìí. Gọ́ọ̀mù tí ó ṣàn ní ìdí òrùka tí ó sún mọ́ èèkù ni ó fi sílẹ̀ bí ó ti wà, nítorí pé níbẹ̀ ìwọ̀n rẹ̀ kò dí ọ̀pá lọ́wọ́, ojú ẹni tí ó bá wò ó nìkan ni ó ń ni lára.