Ọmọ Onílẹ̀ Ti Wọ Ilé Ìwòsàn

Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká kí àlejò. Oníkóòtù nínú oòrùn, ọkọ táì, a-fẹ̀rín-tajà, a-mọ-ọjọ́-ìbí-ọ̀gá-ju-ìyàwó-ọ̀gá-lọ. Ọkùnrin tó wá ta kọ̀ǹpútà fún ilé ìwòsàn ló dé yìí o. Gbogbo ìgbìmọ̀ ti jókòó, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, mínírà tutù, mítípáì gbóná. Ó tan ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní, “Ẹ wo aláìsàn yìí.” Aláìsàn inú àfihàn! Ẹni tí kì í bínú, tí kì í gbàgbé káàdì sílé, tí kì í sọ fún nọ́ọ̀sì pé ọdún tí wọ́n ju Awólọ́wọ̀ sẹ́wọ̀n ni wọ́n bí òun. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yọ. Ó tẹ òmíràn, oògùn jáde. Ọ̀gá àgbà mi orí, akápò mi orí, ẹni tó ti sùn lọ lẹ́yìn náà mi orí.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ṣé àwọ̀ ojú ẹ̀rọ yẹn ṣeé yí padà sí àwọ̀ ewé? Ṣé àmì ilé ìwòsàn wa á hàn lókè? Ṣé ìrìn àjò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ máa wà, ṣé Dubai sì ni? Kò sẹ́ni tó bi í pé, “Bó bá di ọjọ́ tá a fẹ́ kọ̀ yín sílẹ̀, báwo la ṣe máa kó ẹrù wa jáde?”

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́lé rí ní Ìkòròdú, ní Mowé, ní Ṣàgámù, ọ̀rọ̀ yín yà mí lẹ́nu. Ẹ mọ ọmọ onílẹ̀. Ẹ sanwó ilẹ̀ tán, ó gba owó ìpìlẹ̀. Ẹ kó búlọ́ọ̀kù dé, ó gba owó já-búlọ́ọ̀kù. Ilé dé líńtẹ̀lì, ó yọjú. Ilé dé òrùlé, ó ti mú àbúrò rẹ̀ dání. Ẹ bú u, ẹ ṣépè fún un, ẹ fi ọlọ́pàá mú un. Ẹ wá padà sí ọ́fíìsì, ẹ buwọ́ lùwé fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wọ táì. Ẹ ra sọ́fítíwíà, ẹ fẹ́ kó máa bá ẹ̀rọ yàrá àyẹ̀wò sọ̀rọ̀: owó ìsopọ̀. Ẹ fẹ́ kó bá ilé oògùn sọ̀rọ̀: owó ìsopọ̀ mìíràn. Ẹ fẹ́ kó àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn yín, èyí tẹ́yin fúnra yín fọwọ́ yín tẹ̀ sínú rẹ̀, jáde lọ́nà tí ẹ̀rọ ẹlòmíràn lè kà: “Háà, ọ̀gá, ìyẹn ò sí nínú àdéhùn wa o.” Ọmọ onílẹ̀ gidi tiẹ̀ sàn. Bó bá mu ẹmu yó, ó ń lọ sùn.

Kẹ́ ẹ má baà rò pé àwa nìkan là ń ṣe báyìí, ẹ jẹ́ ká dé Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń fi dọ́là ṣe é. Ìjọba wọn ní ẹ̀ka kan tó ń tọ́jú àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 làwọn dókítà àtàwọn amọ̀ṣẹ́ kọ̀ǹpútà inú àwọn ilé ìwòsàn ẹ̀ka náà ti ń jókòó ti ara wọn, tí wọ́n ń kọ sọ́fítíwíà tiwọn. Àwọn ọ̀gá olú-iléeṣẹ́ ń lé wọn, wọ́n ń kọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n kọ ló di VistA. Torí pé iṣẹ́ ìjọba ni, kò sẹ́ni tó lè sọ pé tòun nìkan ni. Ẹni tó bá wù láyé lè mú un lọ́fẹ̀ẹ́. Bí dókítà bá ní ibì kan kò dáa, ẹni tó kọ ọ́ ò jìnnà, wọ́n á tún un ṣe.

Ó dàgbà o, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ti tún tiẹ̀ ṣe títí ẹ̀dà rẹ̀ fi tó bíi 130. MUMPS, èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, ti wà láti àwọn ọdún 1960, àwọn tó sì gbọ́ èdè náà ti ń di bàbá àgbà. Ó yẹ kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i. Ohun tí wọ́n wá ṣe ni pé ní 2018, wọ́n buwọ́ lu àdéhùn bílíọ̀nù 10 dọ́là pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwíà Cerner, láìpe ẹlòmíràn wá du iṣẹ́ náà. Wọ́n ní òun náà làwọn sójà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ti mú.

Oṣù kẹwàá 2020 ni wọ́n tan ẹ̀rọ Cerner ní Spokane, ní ìpínlẹ̀ Washington. Dókítà á kọ ọ́ pé kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún lágbájá, ẹ̀rọ á gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín. Bí ibi tí ìwé náà ń lọ kò bá wá yé e, kò ní sọ fún ẹnì kankan. Á rọra jù ú sínú ihò kan tí dókítà ò mọ̀ pé ó wà. Ní 2022 àwọn olùṣèwádìí ìjọba fúnra wọn gbé àbọ̀ jáde: ìwé àṣẹ dókítà tó lé ní 11,000 ló wọ ihò yẹn lọ, aláìsàn 149 ló sì fara gbá a. Ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe, àmọ́ mi ò lè fi ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀.

Lọ́dún yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ Oracle ra Cerner ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 28 dọ́là. Onílẹ̀ ta ilẹ̀, ó ta àwọn tó ń gbé orí rẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó di oṣù kẹrin 2023, ìjọba ní kí wọ́n dúró ná, kí wọ́n tún èyí tó wà nílẹ̀ ṣe kí wọ́n tó máa gbé e kiri. VistA arúgbó, tí wọ́n ti lọ díwọ̀n pósí fún, ló ṣì ń gbé púpọ̀ jù lọ nínú àwọn ilé ìwòsàn náà dání.

Àwọn òyìnbó England náà ò gbẹ́yìn. Ní 2002, ìjọba wọn ní káwọn kó gbogbo ilé ìwòsàn sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n pín ilẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Accenture fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ ní 2006, àdéhùn Fujitsu fọ́ ní 2008, ní 2011 ìjọba ní ká tú àgọ́. Ẹ má bi mí léèrè owó.

Ọdún méje lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ wádìí ọ̀rọ̀ wò: ẹ̀rọ fax tó lé ní 8,000 ló ṣì ń ké tuu nínú àwọn ilé ìwòsàn ọ̀hún. Mínísítà ìlera gbaná jẹ. Ó ní láti oṣù kìíní 2019, wọn ò gbọdọ̀ ra fax mọ́. Gbogbo ayé fi fax ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ò bá wọn ṣe é. Nínú gbogbo ẹ̀rọ tó wà nílé ìwòsàn, fax ni kì í bi ẹnikẹ́ni pé ọmọ ta ni. Èyí tí wọ́n ṣe ní Japan ń bá èyí tí wọ́n ṣe ní Jámánì tàkúrọ̀sọ, kò gbowó ìsopọ̀, kò ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ ra ẹ̀dà tuntun. Ìdí ni pé láti 1980 layé ti fẹnu kò lórí bí fax ṣe ń sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì tó bá dì í mú gbágbáágbá gbọ́n ju ìgbìmọ̀ lọ.

Àwọn tó ń ya àwòrán inú ara náà ti mọ àṣírí yìí tipẹ́. Nígbà tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń pe ẹnà tirẹ̀, àwọn dókítà àwòrán ní Amẹ́ríkà fa àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ jókòó. Ìlànà àkọ́kọ́ jáde ní 1985, ó sì di DICOM ní 1993. Òun ni ò jẹ́ kójú tì yín nígbà tí wọ́n ya inú yín ní Ìbàdàn, tí wọ́n kó o sínú CD, tí ọmọ yín tó jẹ́ dókítà ní Houston sì ṣí i láìbẹ ẹnì kankan. Ìlànà HL7 ti wà láti 1987 fún àwọn àkọsílẹ̀ yòókù, àbúrò rẹ̀ FHIR náà ti gbó lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó bá ṣì ń pe ẹnà lónìí, owó ni wọ́n ń pè. Ọ̀rọ̀ náà burú débi pé àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ṣòfin ní 2016 pé ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwíà tó bá dènà àkọsílẹ̀ aláìsàn lè san ìtanràn tó tó mílíọ̀nù kan dọ́là lórí ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Òfin odidi orílẹ̀-èdè, pé kí àgbàlagbà dìde lórí fáìlì onífáìlì!

Àwa náà ti gbọ́n rí. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àtàwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ibẹ̀ dara pọ̀ mọ́ Yunifásítì Kuopio ní Finland. Wọ́n mú lára irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n kọ fáwọn sójà Amẹ́ríkà ọ̀hún, wọ́n gé e, wọ́n rán an, wọ́n fi ń tọpa aláìsàn tó wọlé àtèyí tó jáde. Irinṣẹ́ sójà gba Finland dé Ifẹ̀, kò sẹ́ni tó wá gba owó ìpìlẹ̀. NEPA nìkan ló ń gba tiẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ló bí èyí tí wọ́n sọ ní MINPHIS. Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ mìíràn, OpenMRS, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, tó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Eldoret ní Kẹ́ńyà, ló sì wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ àwọn tó ń gba oògùn HIV ní Nàìjíríà.

Ẹ̀yin ọmọ “ọ̀fẹ́ ni”, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o. Mo mọ irú yín. Ẹ gba sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́, ẹ wá kó gbogbo rẹ̀ lé bọ̀dá IT kan ṣoṣo lọ́wọ́. Bọ̀dá IT nìkan ló mọ password. Bọ̀dá IT nìkan ló mọ ibi tí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wà: inú fíláàṣì kan ni, fíláàṣì náà sì wà lára kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà rẹ̀. Bọ̀dá IT wá gba físà Kánádà. Ẹ máa pè é lórí WhatsApp lóru, ẹ máa kì í, ẹ máa fowó ránṣẹ́. Onílẹ̀ tuntun ti jẹ nìyẹn, òtútù ló kàn ń mú tiyín.

Bí wọ́n bá tún fẹ́ ra ẹ̀rọ, ẹ fi ìyá tó wà níbi káàdì sínú ìgbìmọ̀, èyí tó ń wá fáìlì 1994 rí láìwọ gíláàsì. Ẹ jẹ́ kó sọ fún òǹtajà pé, “Ọmọ mi, kó àkọsílẹ̀ ọgọ́rùn-ún aláìsàn jáde nínú ẹ̀rọ yìí lójú wa báyìí, kó o sì tú u sínú ẹ̀rọ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń du ọjà. Bó o bá ṣe tán, kọ iye tá a máa san lọ́jọ́ tá a bá ń lọ sínú àdéhùn, kó o buwọ́ lù ú káwa tó buwọ́ lù ú.” Ẹ máa wo òógùn. Á rẹ́rìn-ín, á tún táì ṣe, á ní nǹkan tí màmá ń bèèrè yẹn wà nínú phase two. Ẹ ní kò burú, pé owó tiẹ̀ náà wà nínú phase two.