Fóòtì Kékeré

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ọgbọ́n mi mọ, kó gbójú sókè nínú ilé ìdáná wa ní Ẹ̀pẹ́. Àbàwọ́n ọ̀pẹ̀ òyìnbó wà lára àjà níbẹ̀. A fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, a fi ọ̀dà kùn ún, ó ṣì ń yọjú.

Káyókáyó ló fà á. Àwa Èkó Ẹ̀pẹ́ kì í fi ọdún yẹn ṣeré. Òun la fi ń rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe gúnlẹ̀ síbí ní 1851, lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn lé wọn kúrò l'Ékòó. Bí àlejò bá yà sílé rẹ lọ́jọ́ náà, ṣe ni wàá máa bu oúnjẹ fún un títí yóò fi bẹ̀ ọ́ pé ó tó. Èmi wá pinnu pé tèmi yóò yàtọ̀: wọn ò ní mu mínírà nílé mi, smoothie ni wọn yóò mu. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, jíńjà díẹ̀. Mo ti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí fóònù títí mo fi gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.

Ìyàwó mi ní, "Ṣebí a ní bùlẹ́ńdà." Lóòótọ́ ni, àmọ́ bùlẹ́ńdà ata ni. Mo dán an wò. Ohun tí mo lọ̀ tutù lẹ́nu, ó sì ń ta lọ́nà ọ̀fun. Iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni ìyàwó mi fi fọ rọ́bà ìdí ike rẹ̀, ata rodo ò gbọ́. Stephen Poplawski, ẹni tó tọrọ ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú ẹ̀rọ yìí ní Amẹ́ríkà ní 1922, ohun mímu oníwàrà ló ní lọ́kàn. Òun àti rodo ò pàdé rí.

Ni mo bá gba ọjà lọ. Àwọn tuntun tí wọ́n ṣe fún iná tiwa wà níbẹ̀, wọ́n kọ 220-240V sára páálí wọn gàdàgbà. N ò wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ike ni wọ́n fi ṣe wọ́n, ike sì wà nílé. Tòkunbọ̀ kan ló wọ̀ mí lójú, ará Amẹ́ríkà, onígò tó nípọn. Ẹni tó ń tà á ní, "Alájì, èyí kì í ṣe ti ọmọdé o. Yìnyín ni, èkùrọ́ ni, gbogbo ẹ̀ ló ń lọ̀."

Àmọ́ ẹnu ọlọ́jà ò lè tan irú mi. Mo dorí ẹ̀rọ kodò kí n lè ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. Mo rí 120V.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rò ó. Mítà tí à ń sanwó sí ṣáájú ló wà nílé wa, bí yúnììtì ṣe ń lọ sílẹ̀ lẹ̀jẹ̀ mi ń lọ sókè. Tiwa jẹ́ 240, èyí jẹ́ 120. Ìdajì ni! Ìyẹn ni pé ife smoothie méjì yóò máa jẹ iná ẹyọ kan. Mo ṣe ìṣirò náà fún ọlọ́jà sókè ketekete. Ó wò mí díẹ̀, ó ní, "Alájì, ọ̀mọ̀wé ni yín." Ó sì fi ádápútọ̀ ta mí lọ́rẹ, torí pé ẹsẹ̀ pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ méjì ò wọ ihò tiwa. Títí di òní, n ò mọ̀ bóyá ìkà ni tàbí ó gbà mí gbọ́.

Ọjọ́ ọdún pé. Mo ra yìnyín ní Ọjà Olúwo tí wọ́n ti ń ta ẹja, lọ́wọ́ obìnrin kan tó bi mí pé ẹja wo ni mo fẹ́ fi í tọ́jú. Mo ní èso ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì já a fún mi.

Àwọn àlejò ti jókòó sí pálọ̀ nígbà tí àwọn ọmọdé àdúgbò pariwo "Up NẸ́PÀ!" Mo kó èso àti yìnyín sínú ìgò, mo ṣí ọmọrí kékeré tó wà láàárín ìdérí, bí wọ́n ti ń ṣe lórí fóònù, kí n lè máa da oyin sí i. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ké bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tó ń sá òjò lórí ọ̀sà. Inú mi dùn: agbára Amẹ́ríkà rèé! Lẹ́yìn náà ni ọ̀pẹ̀ òyìnbó fò lọ sí àjà, èéfín dúdú yọ nísàlẹ̀, ariwo sì dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ké láti pálọ̀, "Ẹ wo ẹja yín o, ó ń jóná!"

Ọmọ mi ọkùnrin fi ìka kan ohun tó ń ṣàn lára ògiri, ó lá a. Ó ní, "Dádì, ó ń rùn bí ẹja lóòótọ́." Yìnyín Olúwo nìyẹn. Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan. Ó ṣáà ń gbé mínírà tó ti fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde. Ìgbà wo ló rà á?

Mo gbé òkú ẹ̀rọ náà lọ bá ẹni tó ń wé wáyà mọ́tò. Ó tú u, ó fi wáyà kọ́pà tó ti dúdú hàn mí. Ó ní ohun tí mítà ń kà ni wáàtì àti iye wákàtí tí èèyàn fi lò ó, fóòtì nìkan kọ́. Ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún 120, bí 240 bá já lù ú, iná tó ń sáré gba inú wáyà rẹ̀ á di ìlọ́po méjì, ooru rẹ̀ á sún mọ́ ìlọ́po mẹ́rin, ohun tí wọ́n fi bo kọ́pà á sì yọ́ kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Ó ní step-down, ẹ̀rọ tó ń dín fóòtì kù, ì bá gbà á là, àmọ́ èyí tó lè gbé e á wọ́n ju ẹ̀rọ náà lọ.

Ó wá yí ìdí rẹ̀ sókè. "Alájì, nọ́ńbà náà rèé, wọ́n kọ ọ́. Ṣé ẹ ò rí i ni?"

Mo ní, "Mo rí i. Torí ẹ̀ ni mo ṣe rà á."

Ó gbé irinṣẹ́ sílẹ̀, ó pe àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n tún un sọ.