Àìlólórí: Ìwádìí lórí Íntánẹ́ẹ̀tì Tí Kò Ní Ọba, láti Láfẹ́nwá

Íntánẹ́ẹ̀tì aláìlólórí ni ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà tí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò sí níkàáwọ́ ẹnì kan, tí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹgbàágbèje, tí kò sì sí ẹni tó lè dá pa á rẹ́. Bitcoin ló lókìkí jù nínú irú rẹ̀. Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní Satoshi Nakamoto gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní 2008, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2009. Títí di òní, a kò rí ojú ẹni náà. Ó hàn gbangba pé kò sí ọmọlẹ́yìn tó pa òfin àìlólórí mọ́ tó olùdásílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Láfẹ́nwá, ní Abẹ́òkúta, yẹ fún ìwádìí yìí nítorí pé ètò olórí àti ètò àìlólórí ń bára wọn gbé níbẹ̀. Ojú irin Èkó, tó dé Ìbàdàn ní 1901, gba ibẹ̀ kọjá; àṣẹ ló ń gbé ọkọ̀ ojú irin, àṣẹ ló sì ń dá a dúró. Ọjà sì wà nítòsí. Ìyálọ́jà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń dá iye ata: láti ẹnu dé ẹnu ni iye owó ń rìn, gbogbo ìsọ̀ ló sì ní ẹ̀dà tirẹ̀ lórí.

Oríṣi àìlólórí mẹ́ta ni a lè yà sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́ ni ti ọwọ́-sọ́wọ́, bíi Xender, tí fóònù kan fi ń fún èkejì ní orin àti fíìmù. Ìfẹ́ ará ìlú sí i pọ̀, ṣùgbọ́n kò kan òmìnira. Dátà ni wọn kò fẹ́ rà. Ìkejì ni ti ọjọ́ ìnira. Ní 5 oṣù Kejì 2021, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ pé kí àwọn báńkì ti àkáǹtì àwọn tó ń ṣòwò Bitcoin àti irú rẹ̀; òwò náà kúrò ní báńkì, ó di ti ẹnì kan sí ẹnì kejì títí a fi tú òfin náà ká ní oṣù Kejìlá 2023. Ìkẹta ni ti ẹnu lásán: ètò tó ní ọ́fíìsì, ọ̀gá àti lọ́yà, tó sì ń kéde pé òun kò lórí.

Ohun tó ń mú kí àìlólórí wu ènìyàn kò ṣòro í rí. Ní 4 oṣù Kẹwàá 2021, Facebook, WhatsApp àti Instagram dákẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà: orí kan ló fọ́, gbogbo ara ló dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ yìí ń dín kù bí àdánù bá ti wọlé. Ẹni tí owó rẹ̀ bá sọnù máa ń bèèrè pé, “Ta ni ọ̀gá ibí?” Ìbéèrè yìí kò ní ìdáhùn nínú ètò tó péye. Àwọn àgbà ti fi lélẹ̀ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Íntánẹ́ẹ̀tì aláìlólórí jẹ́ ọjà tí a mọ̀ọ́mọ̀ ná láìsí àgbà, níbi tí ó lé ní ìdajì ọlọ́jà ti gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan orí ọmọ náà.

Ní ti ọjọ́ iwájú, ìtàn Ẹ̀gbá pèsè òṣùwọ̀n. Ní 1830 ni wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó. Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn, kò dé adé; ìlú kọ̀ọ̀kan mú Ògbóni tirẹ̀ dání. Ní 1854 ni wọ́n fi Òkúkẹnù jẹ Aláké. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni àìlólórí fi ṣe é. Bí a bá ka iye yìí láti 2009, íntánẹ́ẹ̀tì yóò jọba ní 2033.

Adé náà kò ní jẹ́ òpin ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn Aláké, Òwu, Gbágùúrá àti Òkè-Ọnà náà fi ọba tiwọn jẹ. Nítorí náà, ọba mẹ́rin ni kí a máa retí. Ìsokọ́ra tó bá ní ọba mẹ́rin, tí ààfin kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀dà ìtàn tirẹ̀, bá ìtumọ̀ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí yìí mu láìkù síbì kan.