Bọ̀ọ̀dá Wọn-tẹ́ẹ̀nì

Àdúgbò yòówù tí àwọn tó ti Amẹ́ríkà dé bá kọ́lé sí, ì báà ṣe Ìbàdàn, ì báà ṣe Ìkòròdú, Bọ̀ọ̀dá Wọn-tẹ́ẹ̀nì ò ní ṣàìsí níbẹ̀. Ó ti pẹ́ ní Houston tàbí Baltimore kó tó di gbogbo ẹrù rẹ̀ sínú kọ̀ǹtáínà, tó gba èbúté Àpápá kó wọn wọlé. Ẹ wo ilé ìdáná rẹ̀: firíìjì onílẹ̀kùn méjì tó ń pọ yìnyín jáde lẹ́nu, máíkíróweefù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po kéèkì, tósítà tó ń yan búrẹ́dì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣeé kì bọ ara ògiri tààrà. Tíránsífọ́mà ló jókòó sáàárín wọn nílẹ̀, àpótí irin tí géńdé ò lè gbé láìmí kanlẹ̀, tó ń kùn láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí ìyá rẹ̀ bá mú áyọ́ọ̀nù, tó kọjú sí sókẹ́ẹ̀tì, igbe ni yóò gbọ́ láti pálọ̀: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kì í bọ ibẹ̀ o! Wọn-tẹ́ẹ̀nì ni!"

Àwọn èèyàn a máa sọ pé àìmọ̀ ló ń ṣe Bọ̀ọ̀dá. N ò gbà. Bọ̀ọ̀dá mọ̀ dáadáa pé 120 fólítì ni iná Amẹ́ríkà, pé 230 sì ni tiwa. Ohun tí kò fẹ́ gbà ni pé ẹ̀rọ iná kì í dá pé. Ìdajì rẹ̀ ló wà nínú páálí tí wọ́n tà fún un. Ìdajì kejì wà nínú ògiri, nínú wáyà orí òpó, àti níbi tí wọ́n ti ń pèsè iná. Ìdajì tó ṣeé dì lẹ́rù ni Bọ̀ọ̀dá dì. Ìdajì kejì ṣì wà ní Amẹ́ríkà. Ìtàn ló sì pín wọn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Thomas Edison ṣí ibùdó iná rẹ̀ ní Pearl Street ní New York lọ́dún 1882, nǹkan bí 110 fólítì, ìyẹn wọn-tẹ́ẹ̀nì tí Bọ̀ọ̀dá ń pariwo, ló ń gbé jáde, àwọn ará Amẹ́ríkà ò sì jìnnà sí iye yẹn títí dòní. Ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni tiwa ti wá, tòun ti púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta onígun mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí kẹ́tùlù tòkunbọ̀ tó ti London wá fi ń hó omi ní Òṣogbo lọ́jọ́ tó bá dé, tí ti Atlanta kò sì lè dán an wò.

Ká mú áyọ́ọ̀nù Mọ́mì yẹn wò. Bí wọ́n bá ṣe é láti máa jẹ 1,000 wáàtì lórí 120 fólítì, tí wọ́n wá kì í bọ 230, ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ìlọ́po méjì ni yóò jẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí fólítì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ooru á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ohun tí áyọ́ọ̀nù náà fẹ́ fà yóò lé ní 3,600 wáàtì. Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kí Mọ́mì tó tẹ́ bùbá sílẹ̀ tán, èéfín ti gba yàrá. Ohun pélébé tí wọ́n ń tà ní Ìkẹjà láti fi yí ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì padà kò sì lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú èyí, nítorí ẹsẹ̀ nìkan ló ń yí padà, kì í yí ohun tó ń gba inú ẹsẹ̀ náà kọjá.

Bọ̀ọ̀dá á ní, "Ìdí tí mo fi ra tíránsífọ́mà nìyẹn." Òótọ́ ni, tíránsífọ́mà ń sọ 230 di 120. Àmọ́ nǹkan mìíràn wà tí kò lè fọwọ́ kàn: iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ nínú wáyà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọgọ́ta ni ti Amẹ́ríkà, àádọ́ta ni tiwa. Ẹ̀rọ tó bá ní mọ́tò tó gbára lé iye yìí, ìdá kan nínú mẹ́fà eré rẹ̀ á dínkù, ara rẹ̀ á sì máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Aago ara máíkíróweefù mìíràn, tó jẹ́ pé ìlọbọ̀ iná yìí ló ń kà, á máa fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá rẹ̀yìn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ṣètò rẹ̀ lágogo méjìlá ọ̀sán, nígbà tí gbogbo ilé bá ń lo agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, agogo márùn-ún ni yóò pè é. Bí iná bá lè wà fún odindi wákàtí 36 láìlọ, iṣẹ́ ìyanu ni ìyẹn ná, aago náà á ti fi wákàtí mẹ́fà rẹ̀yìn, á sì bá aago Houston dọ́gba rẹ́gí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Ẹ̀rọ náà ti ń wá ọ̀nà ilé. Bọ̀ọ̀dá ni kò jẹ́ kó lọ. Kíkùn tí tíránsífọ́mà ń kùn yẹn pàápàá, iná ló ń jẹ, kódà nígbà tí wọn ò bá lo nǹkan kan lórí rẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìpele àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù lọ, ti ju igba náírà lọ lórí yúníìtì kan, owó ni Bọ̀ọ̀dá ń gbọ́ tó ń kùn.

Ẹlòmíràn á ní ọjà Amẹ́ríkà lágbára ju èyí tó wà ní ọjà Alába l'Ékòó lọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, níbi tó ti ń rí oúnjẹ rẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ọjà méjèèjì, Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe wọ́n, àwọn tó ń ṣe oní-120 fún Amẹ́ríkà náà ló ń ṣe oní-230 fún ibòmíràn. Lọ́jọ́ tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ firíìjì Bọ̀ọ̀dá bá sì kú, oní-230 ni oníṣẹ́ máa bá a wá, nítorí òun ló wà lọ́jà. Firíìjì àlòkù tilẹ̀ wà lára ọjà tí ìjọba Nàìjíríà kà léèwọ̀ láti kó wọlé. N ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kó nǹkan kan bọ̀ o. Ṣájà fóònù àti ti kọ̀ǹpútà alágbèéká, tí wọ́n kọ 100–240V, 50/60Hz sí lára, kò sí ìlú tí wọn ò ti lè ṣiṣẹ́. Ó kàn jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń pe àlejò wá wo ṣájà.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ fi Bọ̀ọ̀dá wé Àǹtí tó gbé kẹ́tùlù rẹ̀ láti Èkó lọ sí Houston. Ìṣòro kan náà ni, òdìkejì rẹ̀ ni: kẹ́tùlù tó ń jẹ 2,000 wáàtì nílé, bóyá ni yóò fi jẹ 550 lọ́hùn-ún, omi tíì sì máa pẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin kó tó hó. Kí ni Àǹtí ṣe? Kò ra tíránsífọ́mà. Ó gbé kẹ́tùlù jù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lọ ra òmíràn, ó ń mu tíì rẹ̀ lọ. Ìmọ̀ tí Bọ̀ọ̀dá ní náà ló ní. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ni pé kò sẹ́ni tó máa kan sáárá sí kẹ́tùlù Èkó ní Houston, nígbà tí gbogbo ẹbí ló ń ya wá wo firíìjì Amẹ́ríkà n'Ìbàdàn. Ìwé ẹ̀rí ni firíìjì yẹn, pé ọ̀gá ti gbé òkè òkun. Tíránsífọ́mà ni owó tó ń san lóṣooṣù kí ìwé ẹ̀rí náà má baà parẹ́. Iná ò sì mọ ẹni tó ti òkè òkun dé yàtọ̀ sí ẹni tí kò kúrò n'Íjẹ̀bú rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń palẹ̀ ẹrù mọ́ lọ́wọ́, kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn kọ̀ǹtáínà, ẹ yí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Èyí tó bá ní 100–240, ẹ gbé e. Èyí tó bá ní 120V, 60Hz nìkan, ẹ tà á níbẹ̀, tàbí kí ẹ fi ta ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́rẹ. Oní-230 wà ní Alába, wọn kì í sì í béèrè ìwé ìrìnnà kí wọ́n tó tà á fúnni.