Irin Ló Gbà Á, Kì í Ṣe Allagbé

Ẹ jókòó jàre, àga yẹn ò ní wó, ẹsẹ̀ kan péré ló ń mì. Ṣé ẹ gbọ́ irọ́ tí bàálé ilé wa tún pa níbi ìkómọ lánàá? Ó ní ojú òun báyìí ni Mòrókò ṣe sọ pẹnáritì nù. Ojú wo? Èmi tí mo mọ ibi tó wà!

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, 5 July 2019. Orí tẹlifíṣọ̀n wa kan ṣoṣo ni agboolé mẹ́ta ti pàdé, ẹ̀rọ amúnáwá ń mu epo kpayo bí ọmọ tuntun ṣe ń mu ọmú. Ẹni tó yẹ kó dá owó kpayo náà ò tíì dá a dòní. Apá ọ̀tún yẹn ló ń gbé, ẹ má wo ibẹ̀.

Ẹ rántí pé àwa ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ò tíì na ẹnikẹ́ni níbi ìdíje Ife Áfíríkà ní Íjíbítì. Àwa àti Gánà gbá ọ̀mì, 2–2. Guinea-Bissau, òdo sí òdo. Kamẹrúùn, òdo sí òdo. Ìyá ọkọ mi bi wá pé ṣé òdo ni wọ́n ń sè jẹ níbẹ̀ ni. Mòrókò ní tiwọn na ẹni mẹ́ta, 1–0, 1–0, 1–0, ẹnì kankan ò sì kan àwọ̀n wọn. Ta la wá rán sí wọn? Ọ̀kẹ́rẹ́! Écureuils ṣáà ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ wa, kí wọ́n tó sọ wọ́n di Guépards lọ́dún 2022. Orúkọ tuntun yẹn ò wọ̀ mí létí o. Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń jí ẹ̀pà mi hú lóko, ọdún kẹta rèé tí mo ti ń lé e, ìrù rẹ̀ nìkan ni mo ń rí.

Kí ni mo ń sọ ná? Ẹ̀hẹ́n. Adilehou gbá tiwa wọlé, En-Nesyri dá a padà. Aago ń lọ sí méje, ìṣẹ́jú tí wọ́n fi kún un ti ń tán lọ, rẹfirí bá fún Mòrókò ní pẹnáritì. Ziyech gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Bàálé wa dìde, ó gbọn aṣọ, ó ní, "Ó parí, ẹ lọ sùn." Ó gbé búùtà, ó di ẹ̀yìn ilé. Ziyech gbá a, gbàn-án! Irin! Ìyàwó kékeré tó ń gún iyán sọ ọmọ odó sílẹ̀, ewúrẹ́ já okùn. Iyán ọjọ́ náà kókó ni, a jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n lé Adénon jáde, àwọn tiwa ku mẹ́wàá. Ìrun màgáríbà pè, àwọn kan lọ kírun, wọ́n sáré padà. Ó di pẹnáritì gan-an, Boufal sọ tirẹ̀ nù, En-Nesyri náà sọ tirẹ̀ nù, 4–1. Ká má purọ́, Sẹ̀nẹ̀gà lé wa wálé lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, 1–0.

Mo ròyìn bí bọ́ọ̀lù àwa àti Mòrókò ṣe pẹ́ tó fún àbúrò ọkọ mi tó wà ní Amẹ́ríkà, ó ní kékeré nìyẹn. Ó ní wọ́n ní bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n ń fi igi gbá, ìpele mẹ́sàn-án ló máa ń jẹ́. Ní 1 May 1920, ní Boston, àwọn Brooklyn àti àwọn onílé gbá ìpele 26, 1–1 ló wà. Leon Cadore ń jù ú níhìn-ín, Joe Oeschger ń jù ú lọ́hùn-ún, ẹnì kankan ò gbà á lọ́wọ́ wọn láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ní apá wọn ńkọ́? Mo ní ta ló wá borí? Ó ní kò sẹ́ni tó borí, ilẹ̀ ló ṣú, kò síná lórí pápá, kálukú bá gba ilé rẹ̀ lọ. Mo ní, wọn ò ní kpayo ni?

Bàálé wa wá dìde níbi ìkómọ, ó ní òun rí i kedere bí Allagbé, gólí wa, ṣe fò sókè tó fi ìka kan ti bọ́ọ̀lù Ziyech dànù. Ìka! Mo ti lanu, ọkọ mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Mo bá rọra béèrè pé, "Bàbá, búùtà yín dà lọ́jọ́ náà?" Ó ní kí wọ́n gbé omi wá fún òun.